Bí A Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Kọ́ Àṣàbí Nílé

Láti ìgbà tí ó ti hàn sí àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa pé odidi ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọmọ mi obìnrin ní ìwé nínú ilé, ni wọ́n ti máa ń dá mi dúró lẹ́yìn àsálátù. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí: "Ìyá Àṣàbí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Àwọn mìíràn rò pé tíṣà ni mí kí n tó lọ́kọ. Rárá o. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn níbí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí ènìyàn lè rò tán lórí ìdúró, ni mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí, kí ẹni tí ó bá kàn lè rí i kà.

Àṣàbí ni oríkì ọmọ náà, òun náà ni mo máa fi pè é títí dé òpin. Ẹ̀jẹ̀ SS ni ó ní. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà ń pe àìsàn yìí, orúkọ tí n kò fẹ́ràn rárá ni. Ọmọ mi kì í kú lónìí kí ó jí lọ́la. Ara máa ń ro ó ni, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ á sì tún balẹ̀. Bí ó bá ti balẹ̀ báyìí, ẹ ò lè mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é, nítorí òun ni yóò máa fi gbogbo ilé ṣeré.

Ní ọdún 2019, ó wà ní praimárì kejì ní ilé-ìwé aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Mo máa ń sàmì sí kàlẹ́ńdà ara ògiri wa ní ọjọ́ tí kò bá lè lọ. Nígbà tí táàmù kejì parí, mo ka àmì náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi wà nílé nínú táàmù tí kò ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ. Bí ó bá padà, wọn ti kọ́ ìsirò kọjá ibi tí ó mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó máa padà sẹ́yìn nítorí ọmọ kan láàárín ogójì. Wọ́n á tún nà án pé kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fún wọn. Ní àsìkò ọyẹ́, orí pápá ni gbogbo wọn máa ń dúró sí láàárọ̀, òtútù sì ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ẹlẹ́jẹ̀ SS. Mo gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, mo mú un lọ, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, nǹkan kò yí padà. Nígbà tí èsì ìdánwò ìparí ọdún dé, ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀lẹ ni ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ọmọ gba ipò ìkẹtàlélọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n Àṣàbí ti ka ìwé náà kí n tó kà á, ó sì bi mí pé, "Màmá, ṣé bí ara bá ń ro èèyàn, ọ̀lẹ ló ń ṣe ni?"

Bàbá Àṣàbí jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ òfin ṣeré. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa kọ́ ọ nílé títí ara rẹ̀ yóò fi lágbára, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìjọba ńkọ́?" Òótọ́ ni ó sọ. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé gbogbo òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, kí ó sì parí méjèèjì. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí, ìbáwí ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Bí ó bá tún rú u lẹ́ẹ̀kejì, ìtanràn 2,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀. Owó yẹn kò tó nǹkan lóde òní, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù kan kì í ṣe àwàdà. Èmi kò sì mọ ẹnì kan tí wọ́n fi òfin náà mú nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Àwọn tí òfin náà ń wò ni àwọn tí wọ́n ń rán ọmọ kiri ọjà ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ọwọ́ wa mọ́.

Ẹni tí ó bá wa wá ọ̀nà rẹ̀ ni Bàbá Tíṣà, àgbàlagbà kan ní òpópónà wa tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe hẹdimáṣítà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ ní ìwé ni ó ní ilé-ìwé kékeré kan tí kò jìnnà sí wa. Bàbá mú wa lọ bá a. Àdéhùn wa ni pé kí orúkọ Àṣàbí wà nínú rẹ́jísítà wọn, kí ó máa wá ṣe ìdánwò ìparí táàmù pẹ̀lú wọn, kí ó sì máa wá jókòó ní kíláàsì ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá le, kí àwa sì máa san ìdajì owó. Báyìí ni a ṣe rí ẹni tí ó ń bá wa yẹ iṣẹ́ wa wò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ilé-ìwé tí yóò gbà yín bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó mú ọmọ kúrò ní èyí tí ó wà, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìkúrò àti gbogbo káàdì èsì rẹ̀ sọ́wọ́.

Ìyá ọkọ mi ni ó kù. Ìyá kò fi bò fún mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ sọ ọmọ mi di ọmọ ọ̀dọ̀ ni? Ọmọ tí kò lọ ilé-ìwé, kí ni wọ́n ń pè é?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n fún mi ní táàmù kan péré. Mo sì ṣe òfin kan fún ara mi láti ọjọ́ náà: láti agogo mẹ́sàn-án sí agogo mọ́kànlá àbọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán Àṣàbí ní iṣẹ́ kankan, ì báà ṣe kí ó gbé omi fún àlejò. Nítorí òótọ́ ni ẹ̀rù tí ń ba Ìyá. Ọmọ tí ó bá wà nílé, tí ó sì jẹ́ obìnrin, ilé yóò jẹ ẹ́ run bí ìyá rẹ̀ kò bá dúró gbọn-in.

Mo lọ bá Bàbá Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo mú bébà dání láti kọ ohun tí wọ́n bá sọ.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?"

"Má ra nǹkan kan, ọmọ mi. Kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ dúró."

"Praimárì kẹta ni ó fẹ́ wọ̀, sà."

"N ò bi ọ́ ní kíláàsì. Aránṣọ ṣáà ni ọ́. Ṣé èèyàn á gbé aṣọ wá, wàá wá gé e láìwọn ẹni tó ni ín?"

Mo wọn ọmọ mi. Mo fún un ní ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti praimárì kejì, ó sì ka ojú-ewé kan geere bí ẹni mu omi. Inú mi dùn. Mo wá fi ọwọ́ bo òkè ojú-ewé náà, mo nà ìka sí ọ̀rọ̀ kan ní àárín. Kò mọ̀ ọ́n. Mo nà án sí òmíràn, kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo pa ìwé náà dé, ó ṣì ń bá a lọ títí ó fi ka ojú-ewé náà parí. Ó ti há a sórí láti etí. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fún un ní máàkì nínú ìwé kíkà.

Bàbá Tíṣà kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní kí n gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì ná, kí n fi èdè tí ó wà lẹ́nu ọmọ kọ́ ọ ní kíkà. Ó wá sọ ìtàn kan fún mi tí mo ti wádìí lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1970, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé kan ní ìlú náà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ti àkọ́kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá yìí náà ni ó di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990. Bí a kò ṣe tẹ̀ lé ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí rí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a kò ṣí ìwé kankan. Ó ń sùn dáadáa, ó ń jí nígbà tí oorun bá dá lójú rẹ̀, mo sì ń pa àlọ́ fún un lálẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé Aláwíyé ti Olóyè Ọdúnjọ jáde. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ìró kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá ní, kì í ṣe bí ti Gẹ̀ẹ́sì tí lẹ́tà kan á máa yí ohùn padà bí ọ̀gà. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ wọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè pè. Ohun tí ó wù ú jù ni àmì ohùn. Mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí páálí mẹ́rin, mo ní kí ó mú èyí tí a fi ń roko wá, kí ó mú èyí tí ó fẹ́ mi níyàwó wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Kí táàmù náà tó parí, ó ń ka àkọlé ara ọkọ̀ sókè bí a bá ń lọ sí kíníìkì, àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ á sì máa wò ó. Nígbà tí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ti mọ̀ pé lẹ́tà ni ènìyàn ń kà, kì í ṣe ohùn tíṣà. Iṣẹ́ yòókù di ìrọ̀rùn.

Ìsirò ni mo ń bẹ̀rù jù, ó sì jẹ́ èyí tí ó rọrùn jù fún aránṣọ. Íńṣì mẹ́rìndínlógójì ni yáàdì kan. Bí oníbàárà bá gbé yáàdì mẹ́fà wá, íńṣì mélòó ni? Bí búbá bá gba tó báyìí, èló ni ó kù? Tépù tí ó wà lọ́rùn mi ni ìwé ìsirò wa. Bàbá rẹ̀ náà gbé ọpọ́n ayò rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Níbẹ̀ ni Àṣàbí ti bi mí kí ló dé tí a fi ń pè é ní méjìdínláàádọ́ta. A jọ tú u. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ẹ yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, ó di àádọ́ta. Ẹ tún yọ méjì, ó di méjìdínláàádọ́ta. Ìyẹn ni pé kí ọmọ Yorùbá tó lè ka ọmọ ayò tán, ó ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣe àyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo ti ń ka owó oníbàárà láti bí ogún ọdún, n kò tíì wo inú ọ̀rọ̀ náà rí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń tú oríṣiríṣi iye, ìsirò mìíràn kò sì wọlé.

Wákàtí méjì àbọ̀ lójúmọ́ ni mo sọ pé a ń lò. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé irọ́ ni mo ń pa. Ẹ ro ó wò. Ní ilé-ìwé, wọ́n á tò, wọ́n á ké orúkọ, wọ́n á dúró kí ogójì ọmọ kọ déètì, tíṣà á máàkì ogójì ìwé. Bí ọmọ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, ohun tí wọ́n fi gbogbo àárọ̀ kọ́ kì í pẹ́ tán. Ìlànà iṣẹ́ ti NERDC, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń lò, ni mo ń tẹ̀ lé. Ẹ̀dà ti ilé-ìwé kékeré yẹn ni mo yá, tí mo sì ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ara bá ń ro ó, a kò ṣe nǹkan kan. Bí a bá padà, ibi tí a dúró sí ni ìwé náà ṣì wà.

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí n kò lè gbàgbé ni ti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní kíníìkì ni ó ràn mí lọ́wọ́. Ó yà á sí bébà bí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí roboto tí ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, àti bí ti SS ṣe máa ń tẹ̀ bí dòjé, tí á máa há sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín, tí ara á sì máa ro ènìyàn. Ó ṣàlàyé ìdí tí omi mímu fi ṣe pàtàkì, àti ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ sá fún òtútù àti ibà. Àṣàbí tún un yà sínú ìwé rẹ̀, ó kùn ún ní pupa. Láti ọjọ́ náà, n kò lé e mu omi mọ́. Ìsàlẹ̀ àwòrán náà ni ó ti kọ ọ́ ní Yorùbá, láìsí ẹni tí ó ní kí ó kọ ọ́, pé: "Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ."

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń wo ohun tí mo ṣe bí àṣà àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ilé kéú tí àwa náà ti jáde. Ta ni ó pín wa sí kíláàsì níbẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́fà lè wà ní ìparí júsùù, kí ẹni ọdún mẹ́wàá sì ṣì máa da alífáà pọ̀ mọ́ báà. Olúkúlùkù pẹ̀lú wàláà tirẹ̀ níwájú ààfáà, kò sì sẹ́ni tí a fọ wàláà rẹ̀ fún kí ó tó mọ èyí tí a kọ sí i. Bí ọmọ bá ṣàìsàn fún oṣù kan, ibi tí ó dúró sí ni ààfáà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kéú ìrọ̀lẹ́ yìí kan náà ni Àṣàbí ti ń rí ọ̀rẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé ni ó nira fún un jù. Láàárọ̀, bí àwọn ọmọ òpópónà bá wọ aṣọ ilé-ìwé kọjá, á dúró ní ojú fèrèsé. N kò rí oògùn kankan fún èyí ju pé kí n máa ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ náà ní ọ̀sán Sátidé, kí wọ́n wá ba gbogbo ilé mi jẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa. Àwọn tí wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń kan ilẹ̀kùn mi. Ìjọba ń gbé ẹ̀kọ́ sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ rédíò kò lè mọ ìgbà tí ọmọ sùn lọ. Ìyá ọkọ mi ni ó ń sọ fún wọn nígbà náà pé, "Ẹ lọ bá ìyàwó mi, òun ló mọ̀ ọ́n." Mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá, n kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ẹni pé mo ń pe gbogbo yín sí i. Ìyá tí ó bá ń jáde ní agogo méje tí kì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyà ni yóò fi jẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kàn bá tíṣà jà. Owó tí ó ń wọlé fún mi dínkù ní ọdún mẹ́rin wọ̀nyẹn, nítorí mo ń kọ aṣọ kánjúkánjú sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn oníbàárà mi kan sì lọ pátápátá. Bàbá Àṣàbí fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oṣù ni a fi ẹ̀rín parí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí ó ti ṣe praimárì kẹfà tán tí ó sì ti yege nínú ìdánwò ìwọlé, Àṣàbí wọ JSS1 ní ilé-ìwé kan tí ó lè fẹsẹ̀ rìn dé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé òun fẹ́ lọ. Kí a tó san owó, a jókòó pẹ̀lú ọ̀gá àgbà ibẹ̀, ó sì fi ọwọ́ sí i pé ó lè wọ súwẹ́tà lórí aṣọ ilé-ìwé, kí ike omi wà lórí tábìlì rẹ̀, kí wọ́n má sì nà án nítorí ọjọ́ tí kò wá. Bí ara bá ro ó, ẹnì kan nínú kíláàsì rẹ̀ á mú ìwé wá sílé, òun á sì kọ́ ara rẹ̀, ó ti mọ bí a ti ń ṣe é. Gbogbo ìwé tí a lò, láti Aláwíyé títí dé ìlànà iṣẹ́ NERDC, wà nínú àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí ó bá nílò wọn lè wá yá wọn. Ọpọ́n ayò nìkan ni n kò lè yá yín, nítorí Àṣàbí àti bàbá rẹ̀ ṣì ń ta á lálẹ́, òun ni ó sì ń jẹ.